Ẹ Dúró fún Ìṣẹ́jú Méjì

Bí ẹ bá ti sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé Yorùbá lẹ ń kọ́ ní yunifásítì, ẹ mọ ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e: "Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Awakọ̀ ń bi wá. Àwọn àbúrò òbí wa ń bi wá níbi ìgbéyàwó. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì bi ọ̀kan nínú wa bóyá èdè tí òun ń sọ lọ́fẹ̀ẹ́ yìí náà ni wọ́n ń gba owó ilé-ìwé lé lórí. Àwa mẹ́ta tí a jọ ń kọ èyí ti há ìdáhùn sórí tipẹ́. Ní sáà tó kọjá, àyè yọ fún wa láti fi ìdáhùn náà hàn ní wọ́ọ̀dù ilé-ìwòsàn kan, a sì fi ẹnu ara wa bà á jẹ́. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ la fẹ́ rò fún yín.

Ìyá ìyá ọ̀kan nínú wa ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Màmá ni gbogbo wa ń pè é, nítorí kò sí èyí tí kò tíì jẹ àmàlà rẹ̀ nínú wa. Ẹni ọdún 78 ni. Elùbọ́ ló ń tà ní Ṣakí, ó sì ti wà nídìí rẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá ọ̀rẹ́ wa. Lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ dìde lórí àpótí nínú ìsọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ òsì kò dá a lóhùn. Rọpárọsẹ̀ ni. Wọ́n tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò yí, ó sì ń mọ gbogbo ẹni tó bá wọlé, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì àti ẹsẹ̀ òsì ti rọ. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀, wọ́n gbé e wá sí ilé-ìwòsàn kan tí kò jìnnà sí ọgbà wa, kí àwọn físíò lè máa bá a ṣiṣẹ́.

Físíò tí wọ́n yàn fún un jẹ́ agùnbánirọ̀, ọmọ Ìgbò, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní sùúrù gan-an. Màmá ń pè é ní Dókítà, bó tilẹ̀ ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé físíò ni òun. "Ẹ káàárọ̀, Mà" àti "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà" ni gbogbo Yorùbá tó ní. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ obìnrin kan ló máa ń bá a túmọ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ náà ó gba ìsinmi ọjọ́ méjì. Ni físíò bá bi wá bóyá a lè bá òun ṣe é. Ẹ̀yin náà ẹ bi wá wò! Àwa tí a ti gba A nínú iṣẹ́ ìtúmọ̀. A ní kó fún wa ní pépà náà lálẹ́ ọjọ́ kejì tó ṣáájú, kí a lè túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ.

Ìdánwò tó wà nínú pépà náà ni wọ́n ń pè ní Berg Balance Scale. Katherine Berg, tó jẹ́ físíò ní Kánádà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé e jáde ní 1989, àwọn àgbàlagbà ni wọ́n sì dìídì ṣe é fún. Kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá kankan. Àga méjì ni, ọ̀kan tó ní apá, ọ̀kan tí kò ní, rúlà kan, àpótí kékeré tí èèyàn lè gbẹ́sẹ̀ lé, àti aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Iṣẹ́ 14 ló wà níbẹ̀: kí èèyàn dìde lórí àga, kó wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 2 láìdi nǹkan mú, kó jókòó padà, kó ti orí àga kan bọ́ sí òmíràn, kó pa ojú dé fún ìṣẹ́jú àáyá 10 lórí ìdúró, kó na ọwọ́ síwájú, kó mú bàtà nílẹ̀, kó bojú wẹ̀yìn, kó yí ara rẹ̀ po, kó máa gbé ẹsẹ̀ lé àpótí lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé orí pé kó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo dúró. Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 4. Bí gbogbo rẹ̀ bá pé, 56 ni. Ẹni tó bá gba 0 sí 20, kẹ̀kẹ́ aláìsàn ló yẹ ẹ́. Ẹni tó bá wà láàárín 21 sí 40 lè rìn bí ẹnìkan tàbí nǹkan kan bá ràn án lọ́wọ́. Láti 41 lọ sókè, ó lè máa dá rìn.

A bi físíò pé kí ló dé tí wọ́n ní láti fi nọ́ńbà sí ìdúró èèyàn. Ó ní bí òun bá kàn kọ ọ́ pé "Màmá ti ń gbádùn," ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun lọ́la kò ní mọ ibi tí òun bá a dé, òun alára kò sì ní mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí àwọn ń ṣe ń ran Màmá lọ́wọ́. Ó tún ní ìṣubú ni ẹ̀rù ń ba àwọn jù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú àwọn ikú jàǹbá, lẹ́yìn ti ọkọ̀, ìṣubú ló tẹ̀lé e, àwọn tó ti lé ní ẹni 60 ọdún ló sì ń pa jù. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iṣẹ́ físíò ni láti wo ẹ̀yìn náà kí àgbà tó ṣubú.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a túmọ̀ pépà yẹn bí ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. A fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀. Ibi tí a ti kọ́kọ́ bá ìṣòro ni orúkọ ohun tí a fẹ́ wọ̀n gan-an. Kí ni "balance"? Ẹnìkan nínú wa ní "ìdúróṣinṣin." Ẹnìkan ní "ìwọ̀ntúnwọ̀nsì." A jà sí i títí di aago méjìlá, a wá fohùn ṣọ̀kan pé kí a mú méjèèjì dání.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a dúró níwájú Màmá. Àkọ́bí rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Dádì Èkó, ti dé láti àná, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, a kí i tán, a wá ní, "Màmá, a fẹ́ wọn ìdúróṣinṣin yín."

Màmá wò wá. "Ta ló ní mo dalẹ̀?"

A yára mú èkejì jáde. "Ẹ má bínú, Mà. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì yín ni."

"Èmi kì í mu ọtí," ni Màmá wí. "Oúnjẹ tí wọ́n ń bù fún mi níbí gan-an kò tó."

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ibi tó yẹ kí a ti dúró ronú nìyẹn, ṣùgbọ́n a ń kánjú láti fi hàn pé a mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ lọ dáadáa. A ní "Ẹ dìde, Mà," Màmá sì fi ọwọ́ ti apá àga, ó dìde. Máàkì 3. Èkejì, a ka ohun tí a kọ: "Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì." Màmá mi orí, ó rọra jókòó padà sórí àga. Físíò wo aago rẹ̀. Kò tíì ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ. Ó kọ 1.

A dé orí pípa ojú dé. A ní, "Ẹ dìde, Mà. Ẹ dijú yín." Màmá dìde, ó dijú, ó tẹ orí ba, ètè rẹ̀ sì ń mì. Ó ń rọra fì síwá sẹ́yìn. Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú àáyá kẹfà, ó lajú. Máàkì 2.

Nígbà tí a ní kó na ọwọ́ síwájú, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún, ó ní, "Kí lẹ fẹ́ fún mi?" A tún rẹ́rìn-ín. Ìyẹn kò kó bá a, nítorí físíò fi rúlà hàn án, ó sì nà án bó ṣe lè nà án. Ṣùgbọ́n a dé orí bàtà. Físíò gbé sálúbàtà kan sílẹ̀ níwájú rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ dúró sẹ́yìn Màmá kó lè gbá a mú bó bá fẹ́ ṣubú. A ní, "Màmá, ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ mú bàtà yẹn." Màmá wo ẹ̀yìn, ó wo Dádì Èkó, ó ní, "Mi ò lè bẹ̀rẹ̀." A túmọ̀ rẹ̀ fún físíò bó ṣe wí gẹ́lẹ́: ó ní òun kò lè ṣe é. Físíò kọ 0.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 29 nínú 56. Físíò tún kọ ọ̀rọ̀ kan sísàlẹ̀, pé ó dà bíi pé ìyá yìí kì í lóye ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe, pé kí dókítà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò.

Dádì Èkó ka pépà náà. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rù ló ń bà á. Ó ti ń ronú láti ọjọ́ tí àìsàn yìí ti dé pé Màmá kò gbọdọ̀ padà sí Ṣakí mọ́, pé kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun ní Èkó, lórí àjà kẹta. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó pe àwọn àbúrò rẹ̀ lórí fóònù lọ́kọ̀ọ̀kan. "29 nínú 56. Wọ́n sì ní òye rẹ̀ ti ń lọ. Ta ló fẹ́ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nínú ìsọ̀?" Kí ó tó di aago mẹ́sàn-án, ẹnìkan ti ń béèrè iye tí wọn yóò ta ìsọ̀ náà. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Ó bi wá pé, "29 nínú 56. Ọ̀dọ̀ ta ni ìyókù wà?" A kò rí èsì fọ̀. Ó yí ojú sí ògiri, kò sì jẹun alẹ́.

Àwa padà sí họ́sítẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú ọkàn tó wúwo. A kò tíì mọ̀ pé ọwọ́ wa wà nínú rẹ̀. A kàn jókòó, a ń ka ohun tí a túmọ̀, bóyá láti fi tu ara wa nínú pé iṣẹ́ wa kò lábùkù. Ọ̀kan nínú wa ń ka á sókè. Ẹnìkejì wa kan ní yàrá náà, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò, gbé korobá omi ó ń jáde lọ. Nígbà tí ó gbọ́ "Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú méjì," ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé korobá sílẹ̀, ó jókòó lé ìdérí rẹ̀. "Kí ló dé?" ló bi wá. "Ẹ tètè sọ ọ́, mo fẹ́ lọ wẹ̀."

A wo ara wa. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé "dúró" ni kí èèyàn nàró, "dúró" ni kó má lọ mọ́, "dúró" náà ni kó ṣe sùúrù dìgbà kan. Bí ẹ bá wá so "fún ìṣẹ́jú méjì" mọ́ ọn, kò sí àgbàlagbà tí yóò gbọ́ ohun mìíràn ju pé ẹ ń bọ̀ láìpẹ́, kí òun fi ara balẹ̀. A kọ́ ọ ní ọdún kìíní: ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ púpọ̀. A ti dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. A sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí ìwúlò rẹ̀ dé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ bá Màmá. A bi í pé kí ló dé tó fi jókòó. Ó wò wá bí ẹni wo ọmọ tó ń béèrè ìdí tí omi fi tutù. "Ẹ ní kí n dúró. Ṣé orí ìnàró ni èèyàn ti ń dúró de èèyàn ni?"

Bí wọ́n bá ní kó dijú ńkọ́?

"Àdúrà ni mo pè é. Ẹ ní kí n dìde, ẹ ní kí n dijú. Mo gba tèmi kúkúrú, mo ṣe àmín."

Bàtà wá ńkọ́? Ohùn rẹ̀ yí padà. "Ọkùnrin wà lẹ́yìn mi. Ọmọ tí mo bí jókòó síbẹ̀. Ṣé kí n wá máa kọ ìdí sí wọn ni? Mo ní mi ò lè bẹ̀rẹ̀. Ṣé èyí tí ẹ kọ́ ní yunifásítì náà nìyẹn?"

"Mi ò lè." A ń lò ó lójoojúmọ́. Bí ẹnìkan bá ní kí a wá bá òun purọ́, a máa ń ní "Mi ò lè." Kì í ṣe pé ẹnu wa kò lágbára irọ́. Ohun tí kò tọ́ ni Màmá ń sọ. Àwa gbé e dé etí físíò bí ohun tí ara rẹ̀ kò gbé.

A jẹ́wọ́ fún un, a ní àwa la ba máàkì rẹ̀ jẹ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọjà, àwọn kan máa ń tẹ ìdí kóńgò wọnú. Ẹni tó ń rà kò ní mọ̀. Yóò rí i pé ó kún. Bó bá délé, kò ní tó. Kò sí ohun tó ṣe elùbọ́. Kóńgò ni kí ẹ yẹ̀ wò."

Ọ̀dọ̀ físíò ni a gbà lọ láti ibẹ̀. A rò pé yóò bínú. Ó jókòó, ó gbọ́ wa tán, ó wá ní òun náà jẹ nínú ẹ̀bi. Pépà ìdánwò náà fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé kí ẹni tó ń ṣe é fi ara rẹ̀ ṣàfihàn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, tàbí kó sọ ọ́ bó ṣe wà nínú ìwé. Ṣáájú kí a tó dé, àfihàn lòun máa ń ṣe, nítorí òun kò gbọ́ èdè. Ọjọ́ tí a dé, òun rí i pé ẹnu ti wà, òun bá fi ara sílẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé ọ̀rọ̀ yín ti tó." Àwa náà ti rò bẹ́ẹ̀.

A tún pépà náà kọ, lọ́tẹ̀ yìí lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì Màmá. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ la lò. "Ẹ wà lórí ìnàró, ẹ má di nǹkan kan mú, títí tí a ó fi ní ó tó." "Ẹ pajú dé. Kì í ṣe àdúrà o, Mà, ẹ gbé orí sókè." Ní ti yíyí po, a ti kọ "Ẹ yí padà pátápátá" tẹ́lẹ̀, Màmá sì ní ó dà bíi pé oníwàásù ló ń bá òun wí, òun ní kí a kọ "Ẹ yí po títí ojú yín yóò fi tún kò wá."

Ọjọ́ kejì sí ìdánwò àkọ́kọ́ la tún un ṣe. Ẹlẹgbẹ́ físíò tó jẹ́ obìnrin ti dé. Wọ́n fa kọ́tìnnì, wọ́n ní kí àwọn ọkùnrin bọ́ síta, wọ́n bá Màmá wé ìró le dáadáa. Ó nàró fún ìṣẹ́jú 2 gbáko, pẹ̀lú ẹnìkan nítòsí: 3. Ó pajú dé fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹnìkan ń ṣọ́ ọ: 3. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú sálúbàtà náà, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fún obìnrin náà: 3. Gbogbo ìyókù wà bó ṣe wà. Àpapọ̀ di 35.

A fẹ́ pariwo. Físíò ní kí a fara balẹ̀. Ó ní ẹni tó gba 29 àti ẹni tó gba 35, abẹ́ ìpele kan náà ni wọ́n wà, ti àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́ láti rìn. Ó ní máàkì díẹ̀ lè gòkè tàbí kó sọ̀kalẹ̀ nítorí àárẹ̀ tàbí oorun alẹ́ àná, àwọn kì í sì í tìtorí rẹ̀ sọ pé ara ti yí. Ó wá fi ìka tọ́ka sí iṣẹ́ mẹ́ta ìparí: gbígbé ẹsẹ̀ lé àpótí, fífi ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, àti fífi ẹsẹ̀ kan dúró. Màmá gba 1 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó tún gba 1 lọ́jọ́ kejì. Èdè kò mọ nǹkan kan nínú ìyẹn. Ẹsẹ̀ òsì kò lè gbé e.

Ohun tó dùn wá jù nìyẹn. Láàárín àwọn òdo àti ení tí ọ̀rọ̀ wa dá sílẹ̀, a kò rí èyí tó jẹ́ òótọ́. Ilé Màmá ní Ṣakí ní àtẹ̀gùn kan lẹ́nu ọ̀nà, pákó kan ló sì wà lórí gọ́tà tó ń gbà dé títì. Ẹni tí kò lè gbé ara lé ẹsẹ̀ òsì, ibẹ̀ gan-an ni yóò ti ṣubú. Bí a bá ti tẹ̀lé máàkì àkọ́kọ́, bóyá dídìde àti jíjókòó ni wọn ìbá fi gbogbo ọ̀sẹ̀ kọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ òsì ni físíò dojú kọ: kí Màmá di irin bẹ́ẹ̀dì mú, kó gbé ara lé òsì, kó gbé ọ̀tún lé àpótí, kó sọ ọ́ kalẹ̀, kó tún un ṣe.

Físíò ṣàlàyé fún wa pé ohun mẹ́ta ló ń sọ fún ara bó ṣe dúró: ojú, inú etí lọ́hùn-ún, àti ohun tí àtẹ́lẹsẹ̀ àti oríkèé ń gbọ́ láti ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ní kí èèyàn pajú dé, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá méjì tó kù lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Moritz Romberg, dókítà ará Jámánì kan, ti ń lo irú àyẹ̀wò yìí ní nǹkan bí 200 ọdún sẹ́yìn. Ó tún fi ìdánwò kejì hàn wá, torí pé kò sí ìrìn nínú ti Berg. Ní ti èyí, èèyàn yóò dìde lórí àga, yóò rin mítà 3, yóò yí, yóò padà wá jókòó, wọn yóò sì ka ìṣẹ́jú àáyá rẹ̀. Kánádà náà ni wọ́n ti gbé e jáde, ní 1991. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Màmá ṣe é, nọ́ọ̀sì kan ń kọjá lọ, ó kúnlẹ̀ kí i. Màmá dúró láàárín ọ̀nà, ó bi í léèrè ọmọ, ó bi í léèrè ọkọ. A ní, "Màmá, aago ń lọ!" Ó ní aago kọ́ ló bí òun. Físíò pa á rẹ́, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó rìn ín láìsí ìkíni, ó gba ìṣẹ́jú àáyá 31 pẹ̀lú ọ̀pá.

Ní ti ọ̀rọ̀ tó kọ sísàlẹ̀ pépà àkọ́kọ́, físíò fa ìlà gba orí rẹ̀ lójú wa, ó kọ ìdí rẹ̀, ó buwọ́ lù ú. Àwa la mú un lọ bá Dádì Èkó. A dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a sọ ohun tí a ṣe. Ó ka méjèèjì, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìsọ̀ ìyá mi lẹ fẹ́ẹ̀ tà." Kò sí ohun tí a lè fi gbe ara wa níjà. Síbẹ̀, kò yí ìpinnu rẹ̀ padà lọ́jọ́ náà. Ó ní kí a wo bí ẹsẹ̀ yóò ti ṣe.

Ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn náà, 43 ni Màmá gba. Àwọn iṣẹ́ mẹ́ta ìparí di 2, 2, 2. Ó fi ẹsẹ̀ kan dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 3, ó sì ń pariwo orúkọ gbogbo ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é. Ìrìn mítà 3 di ìṣẹ́jú àáyá 19. Dádì Èkó ní kò tíì tó kó máa dá gbé, físíò sì gbè é lẹ́yìn. Wọ́n wá fẹnu kò sí i pé yóò padà sí Ṣakí, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan yóò máa bá a gbé, wọn yóò yọ pákó orí gọ́tà, wọn yóò da kọnkéré sí i, wọn yóò sì de irin mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Ìsọ̀ ṣì wà. Ẹlòmíràn ló ń gbé àpò, Màmá ló ń wọn elùbọ́.

Físíò ti ní kí a fún òun ní pépà Yorùbá náà kí òun lè máa lò ó fún àwọn ìyá àti bàbá mìíràn. A kò tíì fún un. Olùkọ́ ìtúmọ̀ wa ní kí ẹni tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì rí tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí a wo ibi tí kò ti bára mu, kí a sì kà á fún àwọn àgbàlagbà bíi mélòó kan kí a wo ohun tí wọn yóò ṣe, kì í ṣe ohun tí wọn yóò sọ. "Nàró" tí Màmá fún wa, ṣé bẹ́ẹ̀ ni bàbá kan ní Ìjẹ̀bú tàbí ìyá kan ní Èkìtì yóò ṣe gbọ́ ọ? A kò fẹ́ tẹ ìdí kóńgò ẹlòmíràn.

Orúkọ ohun tí à ń wọ̀n náà ṣì ku síbẹ̀. Nígbà tí a bi Màmá, ó ní ohun tí òun mọ̀ ni pé ẹsẹ̀ òsì òun kò mú ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti ń mú ilẹ̀ báyìí. Ọ̀kan nínú wa sáré kọ "ìmúlẹ̀." Ẹnìkejì ní kó fi àmì ohùn sí i dáadáa o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn èèyàn yóò rò pé à ń ní kí àgbàlagbà wá bá wa mulẹ̀ ní ilé-ìwòsàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gboyè jáde àti ẹ̀yin tí a jọ wà ní kíláàsì, ẹ bá wa bi àwọn ìyá àgbà àti bàbá àgbà yín nílé. Ẹ má bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe "balance." Ẹ ní kí wọ́n sọ bí ẹsẹ̀ wọn ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n bá fẹ́ rékọjá gọ́tà, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu wọn jáde sílẹ̀.